Imú Rọ́bà

Ọdún mẹ́fà ni imú rọ́bà yìí ti ń bá wa sùn ní Ìtòkò,
èmi lápá ògiri, Ṣóyọmbọ̀ lápá fèrèsé,
ẹ̀rọ kékeré lórí àpótí,
ó ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹran tó jẹ yó.

Kó tó dé, èmi ni kí ẹ bi léèrè ohun tí òru ń jẹ́.
Ọkọ mi á hanrun títí páànù òrùlé á fi máa dá a lóhùn,
lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ á pa.
Kò mí sínú, kò mí síta.
Èmi á máa kà á lókùnkùn: ení, èjì, ẹ̀ta…
mo ti kà á dé méjìdínlógójì rí
kó tó ta gìrì
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò Ògùn.
Wọ́n ní ìlú wa ló wà lábẹ́ òkúta.
Èmi mọ ọkùnrin kan tí ọ̀fun rẹ̀ ń wọ abẹ́ òkúta lálaalẹ́,
tí kì í rántí bó bá di àárọ̀.

Ọjọ́ tó sùn nídìí ìwakọ̀ ní Sápọ́n,
tí mọ́tò fẹnu gún gọ́tà,
ọjọ́ náà la dé ọsibítù Ìdí-Àbà.
Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà,
ilẹ̀ mọ́, dókítà ní èémí rẹ̀ ń dúró
nígbà mọ́kànlélógójì láàárín wákàtí kan.
Mo ní, Dókítà, ẹ bá ti bi mí,
ǹ bá sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń lò ní í gbó.
Rọ́bà náà pọ́n bí eyín amutábà.
Okùn orí rẹ̀ dẹ̀, mo gbé e lọ bá Lámídì aránṣọ,
ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó bi mí bóyá ìjánu ẹṣin ni.
Ọ̀pá afẹ́fẹ́ lu, fọkanáísà kan ní Láfẹ́nwá
fi gọ́ọ̀mù dí i, kò gba kọ́bọ̀:
"Ìyá, táyà ènìyàn lèyí."

Síbẹ̀ ó ń jò. Ó ń súfèé sí i lójú, fíì, fíì,
ojú á pọ́n wẹ̀ẹ̀ lówùúrọ̀.
Mo ní ká ra òmíràn.
Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ̀rọ rélùwéè ṣe
ní, ohun tó bá ṣì ń mí, a kì í sin ín.
Mo ní, imú rọ́bà ló ń mí, Ṣóyọmbọ̀.
Ìwọ ńkọ́?
Torí mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ení. Èjì.

Àjọ tí mo dá fún páànù tuntun wà lọ́wọ́ mi.
Òrùlé ń jò, imú ń jò,
ọ̀kan ṣoṣo lowó náà lè dí.

Awakọ̀ kan gbé e wá sí gáréèjì Kútọ̀ láti Ìbàdàn
nínú páálí sùpàgẹ́tì.
Funfun ni, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.
Ó gbé ti àtijọ́ kọ́ orí ìṣó. "Fi í sílẹ̀, ó lè wúlò."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí hanrun, kò sí fíì.
Ilé dákẹ́ débi tí oorun fi sá fún mi.
Èmi tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ láti ọdún yìí wá!
Mo na ọwọ́, mo gbé e lé e níkùn:
ó gòkè, ó sọ̀.
Ó gòkè.
Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo wá abọ́,
tó, tó, tó,
ìyẹn ni mo kà títí mo fi sùn.

Ilẹ̀ mọ́, ó yọ imú kúrò lójú,
ó wò mí bí ọmọdé tó sùn yó:
"Ìyá Fọlárìn, ta ló gbé abọ́ omi lé mi lẹ́sẹ̀?"