Ààrò Mẹ́ta

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá òkè nílé ìkàwé Grimsby,
àwa márùn-ún, àti ẹ̀rọ amúlégbóná kan tó ń wúkọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ọṣẹ fọwọ́,
òórùn panla ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.
Láti ìdájí ni mo ti ń bó wọn láwọ nílé iṣẹ́:
ọ̀bẹ, omi dídì, ọ̀bẹ, omi dídì,
títí ìka ò fi mọ ohun tó gé e.
Ọ̀gbẹ́ni Wintringham mú ẹfun, ó kọ ọ́ sójú pátákó:
studeo.

Ó ní ó túmọ̀ sí kéèyàn tiraka.
Ó ní rárá, ẹ dúró ná, ìtara ló kọ́kọ́ jẹ́,
kí nǹkan gbà ọ́ lọ́kàn débi tí oúnjẹ rẹ á fi tutù.
Láyé àwọn ará Róòmù,
bí àgbà méjì bá ń du oyè, tí o gbè sẹ́yìn ọ̀kan,
ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n á fi pè é:
o ń ṣe tirẹ̀.
Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìwé kíkà wá jókòó sínú rẹ̀,
àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín yàrá fún onílé.

Mo ń wá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu ìyá mi.
Gbìyànjú? Ṣebí ẹni tó gbìyànjú, ìyànjú ló gbà;
ta ló wá fún èmi níyànjú láti wá síbí?
Ṣakitiyan? Ariwo ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ìyẹn.
Kẹ́kọ̀ọ́? Ó kéré.
Àfi ìgbà tó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í di nǹkan mú ní tààrà,
pé ìrù ohun tó o fẹ́ ní láti yí kó tó gbà ọ́,
bí ẹni pé "fún" kan fara pamọ́ síbẹ̀.
Mo lu tábìlì. Fara jìn fún! A ní in!

Ó ní kí kálukú ṣe gbólóhùn tirẹ̀.
Maureen fara jìn fún òdòdó.
Géńdé tó ń wa kireni ní èbúté fara jìn fún àlàáfíà.
Èmi kọ ọ́: piscibus studeo. Ẹja.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ó tọ̀nà. Ìrù rẹ̀ pé."

Lẹ́yìn náà ló to ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀:
studeo, studere, studui,
ó wá fa ìlà gbọọrọ sí àyè kẹrin.
Maureen ní ṣé ó gbàgbé ni.
Ó ní kò sí. Ibẹ̀ ló yẹ kí "èyí tí a ti ṣe tán" wà,
ọ̀rọ̀ yìí ò ní in.
Mo ní nínú ara mi, ààrò mẹ́ta sáà ni kì í da ọbẹ̀ nù,
kí la fẹ́ fi ìkẹrin ṣe?

Bàbá mi, lẹ́yìn odi Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà,
a máa fi èdè yìí dá fádà lóhùn lọ́jọ́ Ìsinmi
láìmọ ohun tó ń sọ.
Lọ́jọ́ Ajé á tún padà sídìí koríko
tó ti ro lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Mo bi í nígbà kan, mo kéré, pé ìgbà wo ló máa ro ó tán.
Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ìgbà wo ló máa mí tán.
Àárín ebè ni ọkọ́ rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá pè wá.

Aago mẹ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ Humber ń já fìlà lórí èèyàn.
Ẹja ọ̀la ti wà lójú omi, kò mọ̀ pé mo ti bó tòní tán.
Bọ́ọ̀sì mi dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó dúró, ó lọ.
Mo ṣì ń wá irú ìrù tí "bàbá" máa ní.
Patri, ó jọ pé òun ni. Patri studeo.
Màá bi Ọ̀gbẹ́ni Wintringham lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀
bóyá mo fara jìn fún un ni
àbí mò ń ṣe tirẹ̀.