Olú Ẹ̀yìnkùlé Yèyé Ìbílọ́lá

Òjò rọ̀ mọ́jú ní Òkèṣà.
Igi arère tó wó níjẹta ọdún,
tí àwọn onípákó wò tì, tí wọ́n ní ó ti kú,
ó yọ etí funfun, etí bí ogún,
ó ń gbọ́ wa.

Yèyé Ìbílọ́lá gbé abọ́ tánganran, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
"Má fọwọ́ kan aláwọ̀ pupa yẹn.
Ẹni tó jẹ ẹ́ kò rí oúnjẹ alẹ́ jẹ."
Mo bi í: ta ló gbìn wọ́n?
Ó họ ilẹ̀ fún mi wò:
òwú tín-ín-rín, bí irun arúgbó,
ó so ewé jíjẹrà mọ́ gbòǹgbò kòkó.
"Àwọn nìyí. Òkú igi ni wọ́n ń sọ di ilẹ̀.
Bí wọn ò bá sí, ibo lo fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí náà ló fi búrẹ́dì tó bu
gbá mi létí lọ́jọ́ sí, pé májèlé ni mo fẹ́ jẹ.
Ọdún yẹn lẹsẹ̀ mi wú, tó ń ṣọyún.
Nọ́ọ̀sì Arówólò gún mi ní pẹnisílíìnì, ó ní,
"Yèyé, ìbátan ohun tó bu sára búrẹ́dì yẹn
ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn yìí."
Yèyé wo ìgò. Ó wo ẹsẹ̀ mi.
"Háà! Mo ti sọ olóore nù sákìtàn."

Lónìí, ọbẹ̀ olú ń hó.
Àpá ẹsẹ̀ mi kò ju kọ́bọ̀ lọ.
Lábẹ́ arère, nínú òkùnkùn,
orí kan tún ń la ilẹ̀ bọ̀.