Àpótí Kékeré Ojú Ewé Kẹta

Aago mẹ́ta òru. Àwọn arúgbó ti sùn,
àfi Màmá Wínífúrẹ́ẹ̀dì tó ń pe ọkọ rẹ̀
tó ti kú láti ìgbà tí mo wà ní pámárì.
Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì ilé ìdáná,
mo fi ife tíì tó ti tutù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀
kí atẹ́gùn Hull má baà bá mi kà á.

Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ni mo ń tọrọ,
láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú.
Ọ̀gbẹ́ni Pátẹ́ẹ̀lì ní yunifásítì
ní kí n má pè é ní títọrọ. Kí n ní mò ń béèrè.
Mo ní ọ̀gá, ẹni ebi ń pa kì í ṣa ọ̀rọ̀ sọ.
Ó ní ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́,
kó kọ́kọ́ mọ bí tara rẹ̀ ṣe ń dún lẹ́nu.

Ojú ewé kìíní: orúkọ.
Ìbídùn Ọ̀kẹ́owó.
Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ọmọ Ọ̀kẹ́owó ń wá owó ọkọ̀.

Ojú ewé kejì: kí ló dé tí o fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí?
Mo kọ nípa Jọ́dáànù, ọmọ ọdún mẹ́fà,
ilé tó kọjú sí tiwa,
lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.
Ọlọ́pàá méjì dúró bí òpó iná.
Obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé
kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bá ọmọ náà so okùn bàtà,
ó tú u, ó tún un so, ó tún tú u,
títí ẹkún fi rọlẹ̀ lọ́fun ìyá àti ọmọ.
Èmi dúró lójú fèrèsé, àpò ìrẹsì lọ́wọ́ mi.
N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń san owó oṣù fún ìkúnlẹ̀.
Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́.
Mo tún un kọ.

Ojú ewé kẹta ló dá mi dúró.
Ẹni mélòó ló wà nínú ilé rẹ?
Àpótí kan rèé, kò ju èékánná lọ,
nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò gbà.
Bí mo bá kọ ọ̀kan, òótọ́ ni:
yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́kọ́rọ́ kan.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn,
tó ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ka ọjọ́ inú oṣù?
Ta ni yóò ka àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣaláìsí,
tí wọ́n ń kọ orúkọ mi sílé ìwé
níbi tí orúkọ bàbá yẹ kó wà?
Ilé tiwa yìí kò ní ògiri.
Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Mo kọ ọ̀kan.
Mo wá kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí: Ẹ bi mí léèrè.

Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni màá fi kọ́ṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.
Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí bisikíìtì:
owó bọ́ọ̀sì, owó yàrá, owó gáàsì,
Ìṣẹ́yìn.
Mo tún un ṣírò. Kò yí padà.

Màmá Wínífúrẹ́ẹ̀dì tún pè. Mo dìde.
Ó ní, "Ṣé ìwọ ni, Áfúrẹ́ẹ̀dì?"
Mo ní èmi kọ́, Màmá, ṣùgbọ́n mo wà níbí.
Ó di ìka mi mú títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tí mo padà, ìdí ife ti fi òrùka tíì
sí ojú ewé kẹta, gẹ́lẹ́ lórí àpótí náà:
ọ̀kan mi wà láàárín, ohun kan yí i ká.
N kò wá fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ilẹ̀ ń mọ́ lórí odò Humber,
omi rẹ̀ pọ́n bí odò Ògùn nígbà òjò.
Àpótí lẹ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀.
Mo ra sítáǹbù méjì,
torí ìwé náà wúwo.