Òṣómàáló Tuntun

Bàbá bàbá mi gbé aṣọ àwìn láti Ilésà
dé ìlú tí wọn ò gbọ́ èdè ẹ̀.
Bó bá di ọjọ́ owó, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní mumi:
"Òṣó ni mà á ló kí n tó gbowó mi."
Orúkọ yẹn là ń jẹ́ títí dòní, a kì í tijú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá kọ́kọ́ fún wọn láṣọ ná.
Èmi ò rí aṣọ kankan gbà.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi sanwó oṣooṣù
fún iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera tó wà lókè báǹkì ní Ẹrẹ́jà,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù tíṣà
kó tó dọ́wọ́ mi.
Káàdì ike kan ni wọ́n fi dúpẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Rẹ̀mílẹ́kún wú,
tí dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni,
Gbádégẹṣin akọ̀wé wọn fìka tẹ ojú ewé kẹsàn-án,
lẹ́tà tó kéré ju ojú èèrà:
*Àìsàn tó ti wà lára kí ẹ tó wọlé, kò sí lọ́rùn wa.*
Mo ní, ta ló mọ ọjọ́ tí ṣúgà wọ ẹ̀jẹ̀?
Ṣé ó kanlẹ̀kùn ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni. Òun kọ́ ló kọ ọ́.

Mo bá lóṣòó.
Lórí àtẹ̀gùn wọn, lójú gbogbo Ẹrẹ́jà,
orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Ẹ̀ṣọ́ gbé àga wá. Mo kọ̀ ọ́.

Òjò ọdún yẹn ò tíì dá
tí òfin tuntun fi dé láti Àbújá.
Rédíò kà á sí wa létí:
ẹ má lé ẹnikẹ́ni nítorí àìsàn àtijọ́,
ẹ san owó ilé ìwòsàn kí oṣù tó pé,
iléeṣẹ́ tí àpò ẹ̀ bá fúyẹ́, kó palẹ̀ mọ́.
Ní Ìsọ̀kùn, a hó yèè bí ìgbà tí iná ìjọba dé.

Oṣù mẹ́rin, wọ́n sanwó abẹ́rẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ wọn.
Lẹ́yìn náà, owó oṣooṣù di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.
Àwọn ọ̀dọ́ yọ orúkọ wọn, wọ́n ní ara àwọn le koko;
ó wá ku àwa tá à ń wúkọ́, àwa tẹ́sẹ̀ wa ń wú,
à ń kiwọ́ bọ àpò kan náà,
a ò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ọwọ́ ara wa.

Wọ́n sọ pátákó wọn kalẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan.
Gbádégẹṣin ń ta káàdì ìpè ní Ìjọ̀ka báyìí.
Bá a bá pàdé, ojú á tì í,
ojú á ti èmi náà, n kò sì mọ̀dí.
Wọ́n ní fáìlì wa ti lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kan l'Óṣogbo.
Wọ́n ní òfin ṣì wà lẹ́yìn wa.
Mo gbà. Ṣùgbọ́n òfin ò ní àtẹ̀gùn
téèyàn lè lóṣòó sí.

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló kù nínú fìríìjì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ ilá àná.
Mò ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i
nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún pè mí láti pálọ̀:
"Kí lo lóṣòó sí níbẹ̀ yẹn?
Dìde, wá jókòó."