Ẹ̀yìn Ìwé Ìpàdé

Nínú oṣù Ọ̀pẹ ni Ọ̀gá Tukur ń ka ìròyìn oṣù kẹsàn-án fún wa.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń hanrun.
Èmi wà lórí àga tó gbẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé
tí àpáta Asó ti ń fara pamọ́ sínú eruku ọyẹ́.

Bírò ọwọ́ mi ò tọrọ àyè.
Ó yí òdo kan po,
ó tún un yí,
ó so ìrù mọ́ ọn,
ó wá fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́fà.
Kí nìyí? Mi ò mọ̀.
Kì í ṣe aáyán, kì í sì í ṣe adìyẹ.
Mo fẹ́ pa á rẹ́,
mo rántí pé bírò kì í parẹ́,
mo bá ya agboòrùn lé e lórí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí.
Ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn, ní Ọ̀fà,
Tíṣà Ọládòkun fi rúlà gbá mi lọ́mọ ìka
torí ewúrẹ́ tí mo yà ń rẹ́rìn-ín.
"Ọwọ́ yìí ò lè ya nǹkan kan."
Mo gbà á gbọ́ bí ẹni gba ìdájọ́.
Láti ìgbà náà, orúkọ, déètì, nọ́ńbà fáìlì,
ìyẹn nìkan ni mo ń fi bírò kọ.

Asábé Gimba yọjú láti apá òsì.
Ọmọ Gbagyi ni, ará Bwari,
níbi tí wọ́n ti ń fi èjìká gbẹ́rù
torí orí kì í ṣe ibi tí à ń di nǹkan lé.
Mo fọwọ́ bo ìwé mi bí ọmọ iléèwé.
Ó ṣí ọwọ́ mi kúrò, ó gba bírò,
ó fa ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ sí ikùn ẹranko náà,
bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi àfọ́kù igbá fín ara ìkòkò tútù.
"Ìyá mi kì í mọ ohun tó fẹ́ yà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
"ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń mọ̀."

Ìwọ tó ní o ò mọ̀ ọ́n yà, gbọ́.
Má lọ náwó ní Wúsè.
Wá bírò tí ọmọ ti jẹ ìdérí rẹ̀,
wá rìsíìtì iná, tàbí páálí bisikíìtì.
Bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ bá bọ́ sí.
Tò ó ní tótòtó, bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù Kúbwà.
Fa ìlà. Bó bá wọ́ bí ọ̀nà Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè,
jẹ́ kó wọ́.
Ibi tó bá ti bàjẹ́, fún un lójú méjì,
yóò di ẹyẹ.
Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí lò ń ṣe,
sọ pé o ń gbọ́ ìpàdé. Irọ́ kọ́:
mo rántí gbogbo ohun tí Ọ̀gá Tukur sọ lọ́jọ́ náà,
títí kan iye táyà tó sọnù.

Ṣùgbọ́n mo gbàgbé ìwé náà sáàárín àwọn yòókù.
Ó gòkè lọ sí àjà kẹta.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò sùn dáadáa.
Mo ti ń ro bí wọn yóò ṣe pè mí,
mo ti ń ro ohun tí n ó wí.

Ó padà dé ní Ọjọ́bọ̀.
Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé e, wọ́n ti buwọ́ lù ú,
wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà.
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà mi ti di ti ìjọba.
Ẹnìkan, mi ò mọ ta ni,
sì ti fi bírò pupa wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀,
bàtà olókùn, ẹsẹ̀ márùn-ún géérégé.

Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀kẹfà.
Mo pa fáìlì dé, mo fi í sí ibi tí ọwọ́ lè tó o.
Ẹni tó bá kàn, kó máa bá a lọ.