Bàtà Olóògbé

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní Lublin.
Mo rò pé aago ọwọ́ mi ló ṣìṣe.
Mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sétí.
Kò sóhun tó ṣe é. Oòrùn ibẹ̀ ló ń tètè relé.

Bàtà kanfáàsì ni mo wọ̀ dé,
èyí tí mo rà torí pé ó fúyẹ́ nínú àpótí.
Yìnyín àkọ́kọ́ wọnú rẹ̀,
ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di ọmọ ọlọ́mọ.

Pani Bogumiła, onílé mi, wo ẹsẹ̀ mi títí,
ó kùn sínú, ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ìgbà tó jáde, bàtà dúdú kan ló gbé dání,
awọ líle, okùn tuntun, òórùn ìpara.
"Ti Wacław ni."
Wacław ń wò wá lára ògiri
pẹ̀lú fìlà àwọn awakọ̀ ojú irin,
àbẹ́là kékeré ń jó níwájú rẹ̀.

Áà. Ìyá mi, ẹ má gbọ́.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé a kì í wọ bàtà òkú,
kẹ́sẹ̀ ẹni má baà mọ ọ̀nà tí kò yẹ kó mọ̀.
Mo dúpẹ́ lédè Pólíìṣì. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbọ́ nígbà náà,
búrẹ́dì ni èkejì.
Mo tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá mi mu
bí ẹni pé wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó bí mi.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀;
ọ̀jọ̀gbọ́n wa a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ògiri ṣàdéhùn.
Mo wọ̀ ọ́ wọ bọ́ọ̀sì tí gbogbo èrò ti dákẹ́,
mo kí wọn káàárọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ mi,
obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mú,
ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì juwọ́ sí mi.

Ìsinmi Àjíǹde dé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin,
èyí tó pọ̀ jù lọ, tó ń dúró níbi tẹ́nì kan ò ti sọ̀.
Kraków: mo sùn lórí ìjókòó.
Vienna: mo ya fọ́tò ilé ńlá kan, mi ò morúkọ rẹ̀ dòní.
Ní ibodè, ọlọ́pàá méjì wọlé.
Nínú àwa méjìlélógún, èmi nìkan ni kó mú ìwé wá.
Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn,
bí ẹni ń wo iṣu bóyá ó ti jẹrà.
Mo ń wo bàtà Wacław nílẹ̀.
Ó dúró ṣinṣin. Èmi náà dúró.

Trieste ni àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti lanu,
létí òkun gan-an, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀.
Bàbá Ferruccio tó ń tún bàtà ṣe fi ọ̀bẹ ṣí i,
ó fa bébà jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ó nípọn tó ìka mi.
Kò gbédè mi, mi ò gbédè rẹ̀.
Ó dìde, ó tiro yí ṣọ́ọ̀bù ká,
ó nàka sí bàtà.
Wacław! Ẹsẹ̀ rẹ kan kúrú.
Abájọ tí mo ti ń fì sápá òsì látìgbà òtútù.

Ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin ni bébà náà.
Ẹnì kan fi pẹ́ńsù pupa yí aago kan po,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà B wà.

Mo gbé e délé fún Pani Bogumiła.
Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti fèrèsé,
kò sì sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín fún mi.
Ó gbé omi tíì kaná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi lórí fóònù.
Ó dákẹ́. Mo rò pé káàdì ti tán.
"Kí lorúkọ olóògbé?"
Mo pè é. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ó di Fásílááfù,
ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere,
kó tó bèèrè bóyá bàtà náà ń móoru.