Àwọ̀ Inú

Wọ́n fi páálí kan ránṣẹ́ sí wa láti Kùtọnù,
ojú ọmọdé márùn-ún ni wọ́n yà sí i.
Aláwọ̀ ìyeyè ń rẹ́rìn-ín,
èyí tó pupa ń payín keke,
aláwọ̀ sánmà ń sunkún,
dúdú ń bẹ̀rù,
aláwọ̀ ewé jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó yó.
Mo kàn án mọ́ ògiri lẹ́bàá fèrèsé
tí a ti ń wo Àkàbà lókèèrè.
Mo ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ Kétu,
ohun tó wà nínú ni àwọ̀ ń wí."

Ìgè ló kọ́kọ́ nawọ́.
Ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé,
kò mọ bí a ti í fi orí gba nǹkan.
"Màdáámù, pupa kò bínú.
Pupa ni epo tí ìyá mi ń dà sórí ẹ̀wà.
Pupa ni ilẹ̀ ilé wa; bí mo bá ṣubú,
á lẹ̀ mọ́ mi lórúnkún.
Ṣé ẹni tó ń bínú a máa dì mọ́ èèyàn?"

Mi ò tíì rí èsì fún un
tí Rafiátù fi dìde:
"Dúdú náà kò bẹ̀rù.
Bí ojú ọ̀run bá dúdú, ìyá àgbà á gbé garawa síta,
ìkòkò, abọ́, àní kọ́ọ̀bù mi tó ti ya létí,
á máa jó kí omi ẹyọ kan tó kán.
Aláwọ̀ sánmà yìí gan-an ni kò dáa.
Bí òkè bá mọ́ gaara báyìí,
kànga á gbẹ, ìyá mi á jí lóru lọ pọnmi,
èmi nìkan ni n ó jí sórí ẹní."

Mo bojú wo ìta.
Kò sí ìkùukùu tó gèlè lójú ọ̀run.
Èmi tí mo ti ń pọnmi ìlú yìí
láti ìgbà tí mo ti lè gbé akèrègbè,
báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Mo já páálí náà. Ihò ìṣó ṣẹ́ kù.
Mo gbé osùn kalẹ̀, mo gbé aró,
ẹfun, eédú, omi ewé gbígún.
Olúgbódi tẹ ìka rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú osùn,
ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé.
Ìka kẹfà tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá,
gbogbo wọn ló ń jowú rẹ̀ báyìí.
Mo ní, "Ṣé ká pe èyí ní ìdùnnú?"
Ó ní rárá. "Ẹ pè é ní Ó-pọ̀."

Àìná kò sọ̀rọ̀.
Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti gba Ìlárá kọjá ẹnubodè,
kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.
Ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ń rò ó,
ó ń rò ó bí ẹni ro ẹ̀kọ,
títí ó fi dà bí omi tí a fi fọ ẹsẹ̀ tán.
Mo fẹ́ sọ pé ó ti bà á jẹ́.
Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.
"Èyí ńkọ́, Àìná?"
Ó pẹ́.
"Bí inú mi ṣe rí nìyẹn
nígbà tí wọ́n ní ọmọ dáadáa kì í sunkún."

Àwọn àgbà sọ àwọ̀ mẹ́ta lórúkọ,
wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ kí ewé àti eérú máa bá wa pè é.
Inú ni wọ́n pè títí:
inú a máa dùn, a máa bí ni,
a máa bàjẹ́, a máa yọ́.
Ti Àìná kò sí níbẹ̀.
A sá a sóòrùn pẹ̀lú tàwọn yòókù.

Lọ́jọ́ kejì, mo pẹ́ dé.
Ohun tí a bá ara wa sọ nílé lóru
kì í ṣe fún etí ọmọdé.
Mo lẹ́ àtíkè, mo rẹ́rìn-ín aláwọ̀ ìyeyè,
ẹ̀rín páálí.
Àìná wò mí, ó tún mi wò.
Ó lọ gbé abọ́ àwọ̀ wá, ó gbé e lé mi nítan,
ó fi igi lé mi lọ́wọ́.
Ó ní, "Màdáámù,
ẹ rò ó."